Bàbá Mi Pa Iná Ilé Onílé ní Swídìn

Ọdún tí bàbá mi gbé lọ́dọ̀ wa ní Longbridge, ní Barking nílùú òyìnbó, ni mo máa ń rántí jù. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe ní Ìjẹ̀bú: àwọn ni wọ́n ń gun òpó, àwọn ni wọ́n ń dá iná padà fún àdúgbò. Nígbà tí màmá mi kú, mo ní kí wọ́n wá máa bá wa gbé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa gbé iṣẹ́ wọn dání wá.

Kò sí swíìṣì tí wọn kì í pa. Kí n yíjú báyìí, ìkòkò tí mo gbé kaná ti ń tutù. Wọ́n pa hítà nínú òtútù, wọ́n pa Wi-Fi mọ́ ọmọ mi lójú níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé. Lọ́jọ́ tí a lọ sí ilé ìtajà ńlá Vicarage Field, wọ́n dúró sábẹ́ àwọn gílóòbù, wọ́n bi mí pé ta ló ń lo gbogbo èyí. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa fírísà, tí gbogbo ẹran àti ẹja wa yọ́, inú bí mi débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ní kó múra láti gba bàbá rẹ̀ padà, pé ó ti sú mi. Inú bàlùwẹ̀ ni mo ti pè é, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ ilé àwọn èèyàn wò, kí n wá ibi tí ooru ti ń sá jáde, kí n sì sọ bí wọ́n ṣe máa dí i. Ibi iṣẹ́ ló rán mi lọ kọ́ bí àwọn ará Swídìn àti Nọ́wè ṣe ń lo iná. Ọkọ mi ní òun kò lè dá wà nílé pẹ̀lú bàbá, kí wọ́n má lọ pa òun náà bí ẹni pa swíìṣì. Bí bàbá ṣe bá mi lọ nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa la Dẹ́nmáàkì kọjá. Bàbá rí àwọn fáànù gìrìwò tí atẹ́gùn ń yí lójú òkun, wọn ò lè jókòó mọ́. Ohun tí olùkọ́ ibi iṣẹ́ wa fi odidi ọ̀sẹ̀ kan sọ tí kò yé mi, wọ́n fi ìka yà á sára fèrèsé, wọ́n là á yé mi kí a tó dé ibùdókọ̀ kejì. Inú mi dùn bíi ti ọmọ kékeré. Títí dòní, bí mo bá rí fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, ìka wọn ni mo ń rí lára rẹ̀.

Ní ìlú tí a dé sí ní Swídìn, pàǹtí ni wọ́n ń sun láti fi se omi, wọ́n á sì fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé omi gbígbóná náà dé ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú ni ilé kékeré tí a háyà wà, iná mànàmáná ló ń mú un gbóná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó jáde, bàbá lọ sídìí mítà, wọ́n pa swíìṣì àgbà, bí a ṣe máa ń ṣe nílé bí a bá ń rìnrìn-àjò. Nígbà tí a dé nírọ̀lẹ́, òtútù ti sọ omi inú ẹ̀rọ di yìnyín. Ìyá arúgbó tó ni ilé wá, ó tan án padà, ó ní kò burú, páìpù kò tíì bẹ́. Èmi ni mo jágbe mọ́ bàbá mi níwájú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a háyà mọ́tò tó ń lo iná dípò bẹntiróòlù, a forí lé Nọ́wè, níbi tó jẹ́ pé omi tó ń já láti orí òkè ni wọ́n fi ń ṣe iná. A dúró lẹ́bàá odò kan kí ọkọ̀ gba iná sára. Ibẹ̀ ni bàbá ti sọ fún mi pé nígbà kan, iná lọ mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́ níbi tó ti ń lọ aṣọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ, kò yọ ọ́ lára iná, ó bá tirẹ̀ lọ sọ́jà. Nígbà tó di ọ̀sán, bàbá tún wáyà ṣe, iná dé, àdúgbò hó yèè. Ilé obìnrin náà jó. Ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, kò rí ọ̀nà jáde.

“Èmi ni mo dá iná yẹn padà,” ni bàbá wí. “Nobody blamed me. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀.”

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo sunkún. Mo wá jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ, ògiri bàlùwẹ̀ mi kò nípọn. Èmi tí mò ń yẹ ògiri wò fún gbogbo ayé. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́.

Láti ìgbà tí a ti padà dé Barking, wọn ò pa nǹkan kan mọ́. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣínì, wọ́n á bi mí bóyá àwọn lè gbé omi tíì kaná. Bàbá tó bí mi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Èyí tí mo jù sílẹ̀ ti fọ́.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “ilé yín nìyí.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. But mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé mò ń bọ̀.”

Ìjẹ̀bú ni wọ́n wà báyìí. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń pè wọ́n, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Wọ́n á bi mí bí òtútù ṣe rí, wọ́n á ní àwọn máa rò ó. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń rò ó.