Ṣòkòtò Tí Mo Rán Kó Lè Ya

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ràfíù dọ̀bálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣòkòtò rẹ̀ kọ̀ tí kò ya. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi, nítorí èmi ni mo rán an.

Fíìmù apanilẹ́rìn-ín kékeré kan ni à ń yà. Nínú rẹ̀, wọ́n pe alááru èbúté kan wá jẹun nílé olówó. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń di fọ́ọ̀kì mú àti bí wọ́n ṣe ń bọ ọlọ́lá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí bàbá arúgbó onílé, ó gbàgbé gbogbo rẹ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ṣòkòtò á sì ya. Ràfíù tó ń ṣe alááru náà, alááru ni lóòótọ́ ní èbúté Cotonou.

Rẹné, tó ń darí fíìmù náà, ti kìlọ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Missèbo: "Màmá, ṣòkòtò yìí gbọ́dọ̀ ya o." Mo ní mo gbọ́. Àmọ́ ọwọ́ mi kò gbọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa sọ pé, "Aṣọ tó bá ya lára oníbàárà, orúkọ ẹ ló ya yẹn." Láti ọjọ́ tí mo ti ń tún kóòtù òkìrìkà rán, ṣòkòtò mi kan kò ya rí.

Bàbá arúgbó inú fíìmù kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde, mo ti jẹ́ ẹ!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Rẹné.

"Màmá, aago mẹ́rin lẹni tó yá wa nílé yìí ń gbà á! Tí kò bá ya, kò sí fíìmù mọ́."

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ní kí Ràfíù bọ́ ọ kó ró táwẹ́ẹ̀lì. Mo fi bíléèdì tú ìdí ṣòkòtò náà, mo wá rán an ní tákìn, ìyẹn ìránpọ̀ onígbà díẹ̀ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fò jìnnà jìnnà. Bí mo bá ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò ya kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà mo rán òkè dan-in, mo rán ìsàlẹ̀ dan-in, ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ni mo fi sílẹ̀ ní tákìn láàárín. Mo ní kí Ràfíù wọ̀ ọ́ kó rìn, kò ya. Mo ní kó jókòó, kò ya.

Ó dọ̀bálẹ̀. Fàà! Ràfíù gbá aṣọ tábìlì mú kó fi bo ìdí, ọbẹ̀ àti àwo sì tẹ̀ lé e wá sílẹ̀. Mo lọ wo ibi tó ya: kò fi nǹkan kan kọjá ibi tí mo fẹ́. Orí mi wú. Ta ló sọ pé ó rọrùn láti ba iṣẹ́ jẹ́?

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Ràfíù gbé ṣòkòtò náà wá.

"Ẹ bá mi rán an padà, mà. Mo fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó ní Sèmè."

"Èyí tí gbogbo ayé ti rí ìdí ẹ̀? Lọ ra òmíràn!"

"Òmíràn kì í bá mi mu báyìí, mà."

Mo rán an lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, mo sì bá a lọ. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fáwọn àna, ìyàwó ni gbogbo èèyàn ń wò. Ìdí ṣòkòtò lèmi ń wò. Bàbá ìyàwó kò tètè ní kó dìde. Àdúrà rẹ̀ gùn. Fọ́nrán òwú kan kò mira.

Nígbà tí Ràfíù dìde, ó fojú wá mi láàárín èrò, ó rọra fọwọ́ kan ìdí ṣòkòtò. Mo mi orí sí i: ìránpọ̀ náà wà níbẹ̀ digbí.