Ẹ̀gbọ́n Nínú Àwọn Méjì Tí A Bí Lọ́jọ́ Kan

Ọwọ́ ọ̀tún ni Màmá Wúràọlá gbé sókè. Díẹ̀díẹ̀. Èjìká kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó gbà. Ọwọ́ náà gun orí gèlè, ó sinmi díẹ̀ ní àtàrí, àwọn ìka sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì bí ìgbín tó ń bọ̀ láti orí igi. Ìka àárín kan etí. Ó di etí náà mú. Ó yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún kí gbogbo wọn lè rí i.

"Báyìí," ó ní. "Bí wọ́n ṣe bí wa lọ́jọ́ kan nìyẹn."

Ẹ̀rín bú nínú pálọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọdún tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ni, nígbà tí gbogbo abà tú ọmọ sílẹ̀, tí wọ́n ń rọ́ wọ Ìkéré bí eéṣú. Kò sí òbí tó mọ ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ lórí ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé wá tò wọ́n sábẹ́ igi ọdán. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá gba orí kọjá tó kan etí òsì, ó ti tó ilé-ìwé. Ẹni tí kò bá kàn án, kó padà sóko títí ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó yege láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo ni ọ̀gá kọ fún wọn: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1949. Ọmọ rẹpẹtẹ. Ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gègé kan ló bí gbogbo wọn.

Méjì nínú wọn wá di ònkọ̀wé tí gbogbo Èkìtì mọ̀. Ọlọ́runtọ́ba, àbúrò Màmá Wúràọlá, ló kọ àwọn ìwé ìtàn nípa àwọn olóko kòkó, ìwé tí ọmọ ń kà tí bàbá ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Hàkíìmù ló kọ ewì. Bí ewì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, obìnrin tó ń gún uṣu á gbé ọmọ odó dúró sókè. Àwọn méjèèjì ti kú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní lọ́dọọdún, Ìkéré a máa péjọ láti ka iṣẹ́ wọn sétí ara wọn. Lọ́dún yìí, àwọn tí àwọn méjèèjì kọ́ níwèé nílé-ìwé kọ́ gbọ̀ngàn ìkàwé kan sí ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí òjìji òkè Olósùnta máa ń dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Orúkọ méjèèjì ni yóò wà lára ògiri.

Èwo ni yóò ṣáájú? Ìjà nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ lé ara wọn," Rùkáyátù, ọmọ Hàkíìmù, ní. "H ṣáájú O. Ó tán."

"Ṣé kíláàsì la wà ni?" Akíndélé, ọmọ Ọlọ́runtọ́ba, dáhùn. "Wọn kì í fi A, B, D mọ àgbà."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, Bọ̀dá Akíndélé."

"Ìbejì ńkọ́? Wọn ò ní ẹ̀gbọ́n láàárín ara wọn ni?"

"Ó dáa. Ta wá ni Táyé, ta ni Kẹ́hìndé? Torí bàbá tèmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rán wá tọ́ ayé wò."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì ní, "ẹ má dá ulé mi rú."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Màmá Wúràọlá fi gbé ọwọ́ rẹ̀ gba orí. Bó sì ti ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, Akíndélé fẹ̀yìn ti àga. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tí ọjọ́ inú ìwé ẹ̀rí bá jẹ́ ọjọ́ gègé, ẹnì kan ló kù tó mọ òtítọ́. Ó jókòó síbí. Màmá mi ni. Àwọn náà ló ń kọ ìtàn tí a ó kà lọ́jọ́ ìṣílé gbọ̀ngàn. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, òun ni ká kọ sára ògiri."

Rùkáyátù wo Màmá títí. "Èmi náà gbà," ó ní. "Bàbá mi ní kí n má ṣe bá Màmá Àkọsílẹ̀ jiyàn láéláé."

Akíndélé rò pé gègé ẹbí ni gègé Màmá. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Màmá Àkọsílẹ̀. Orúkọ tí ìlú sọ ọ́. Aránṣọ ni. Ṣùgbọ́n orí máṣíìnì ìránṣọ náà ló ti kọ ìtàn ìgbésí ayé òkú Ìkéré láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Tí àgbàlagbà bá kú, ẹbí á wá, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, òun á máa kọ ọ́. Ohun tó bá kọ ni wọ́n á tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú, tí wọ́n á kà létí ibojì.

Orí ìyá tirẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà kú, ohun tí ẹnì kan kọ nípa rẹ̀ ni pé ó jẹ́ ìyá rere, olóore, onísùúrù. Wúràọlá gbọ́ ọ, inú bí i. Ìyá ta nìyẹn? Ìyá òun kì í ṣe onísùúrù. Ìyá òun ti fi ìjábẹ̀ ewédú lé akọ̀wé owó-orí dé odò rí. Ó lọ sílé, ó tún un kọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá a.

Ìbéèrè kan ló ní. Ẹbí òkú a máa bẹ̀rù rẹ̀ ju ibojì lọ. *Ta ló rí i?*

Bàbá wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ta ló rí i? Wọ́n ní kó pa á rẹ́. Bàbá wa kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún ìjọ. Ta ló rí i? Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan wá rántí pé ilẹ̀kùn ni bàbá fún ìjọ. Màmá sì kọ ọ́: *Ó fún ìjọ ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà ṣì ń ṣí, ó sì ń tì.* Àwọn ọmọ náà bínú lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n padà wá dúpẹ́, torí gbogbo ìjọ ló dìde lọ wo ilẹ̀kùn náà.

Kì í kọ ọjọ́ ìbí tí kò sẹ́ni tó rí. Àsìkò ló ń kọ. *Wọ́n bí i nígbà tí ìjọba ń gé igi kòkó tó ṣàìsàn.* *Wọ́n bí i lọ́dún tí odò gbé afárá lọ.* Nígbà tí Ọlọ́runtọ́ba fúnra rẹ̀ kú, ohun tó kọ ni pé wọ́n bí i ní abà Ajébándélé nígbà ìkórè kòkó. Kò sẹ́ni tó bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà.

Wọ́n wá bi í báyìí. Òun nìkan ló kù tó rí i.

Ó rí i dáadáa. Abà kan náà ni àwọn òbí rẹ̀ àti ti Hàkíìmù jọ ń gbé, ahéré wọn kọjú síra, tàwọn onígbàgbọ́ lápá kan, tàwọn mùsùlùmí lápá kejì, ibi ìsákòkó kan náà láàárín. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń rọbí Ọlọ́runtọ́ba, wọ́n ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó má jẹ́ kí ọmọdé kankan wọlé. Hàkíìmù dé. Ó ń rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń kọ ara wọn, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó mú uṣu sísun lọ́wọ́, ó sì ti fi eyín bù ú jẹ. Wúràọlá ní kó padà. Ó gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Ó wọlé, ó bá ọmọ titun lórí ẹní, ó sì fi uṣu náà kàn án lẹ́nu. Àwọn obìnrin pariwo. Wọ́n gbé e jù síta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn Wúràọlá ni Ọlọ́runtọ́ba ti dàgbà. Torí rẹ̀ ni Wúràọlá kò fi tètè lọ sílé-ìwé. Nígbà tí bàbá wọn wá mú òun àti Ọlọ́runtọ́ba lọ sábẹ́ igi ọdán, ọwọ́ Wúràọlá kọjá etí, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ Hàkíìmù kan etí. Ọwọ́ Ọlọ́runtọ́ba kò kàn án. Ó wá rọra da orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé etí wá pàdé ọwọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé rí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà ayé wọn, Hàkíìmù àti Ọlọ́runtọ́ba kò yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí rí. Tí wọ́n bá pàdé, oníkálukú á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún èkejì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀." "Rárá o, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, àgbà ló ń sanwó ẹmu." "Hàkíìmù, ìwọ kì í mu ẹmu!" "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jẹ́ àgbà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìpàdé, Akíndélé dé sílé Màmá pẹ̀lú uṣu nínú bùùtù mọ́tò.

"Màmá, ẹ kúulé o."

"Wọlé. Ulé bàbá rẹ ni. Kí lo rù wá yìí?"

"Uṣu tuntun ni."

"Mo rí i. Ṣé ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni, àbí ìwọ lo fẹ́ sọ ọ́?"

Akíndélé rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Kò sí Ìsinmi tí kì í wá. Òun ló ń gbé e lọ rí dókítà, òun ló tún òrùlé ṣe. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí wà lókè òkun.

"Ẹ ti kọ ọ́?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ẹ kà á fún mi ná."

Ó gbé awò sójú. Ó kà á bó ṣe wà. *Hàkíìmù ti ń rìn nígbà tí a bí Ọlọ́runtọ́ba. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i.*

Akíndélé tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Màmá. Àbúrò yín nìyẹn o. Ọmú kan náà lẹ jọ mu."

"Ẹ̀yìn mi ló ti sùn, Délé. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi."

"Ẹ lè ní ẹ ò rántí. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ta ló máa bá yín jà?"

"Ọ̀tọ̀ ni kí n gbàgbé. Ọ̀tọ̀ ni kí n ní mo gbàgbé."

"Wọ́n á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́! Bàbá mi tó jókòó ṣáájú níbi gbogbo! Wọ́n á ní àbúrò ló ń jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n."

"Àbúrò ni bàbá rẹ. Ojú ewé kan kò yọ nínú ìwé rẹ̀ nítorí ìyẹn."

"Èmi ni mo sọ níwájú gbogbo wọn pé ohun tí ẹ bá kọ la máa ṣe."

"O ṣeun. O sọ ohun tó dáa."

Akíndélé dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ló máa sin yín, Màmá?"

Ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó jókòó.

"Ilẹ̀ Ìkéré gbòòrò," Màmá ní. "Wọn ò ní gbé mi kọ́ sórí igi. Gbé uṣu rẹ."

Kò gbé e.

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀rù ba Màmá. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ nípa ìyẹn. Ó fa bébà mìíràn yọ. Ọ̀nà kan wà. Ó lè fo ìbí náà, kó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ igi ọdán. *Àwọn méjèèjì jọ wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ kan náà.* Òtítọ́ ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Rùkáyátù kò ní jà, Délé á tún padà wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ìgbìmọ̀ á ju owó ẹyọ sókè, orúkọ kan á ṣáájú.

Ó kà á sókè. Ó dùn. Ó tún un kà.

Ó wá rántí bẹ́ǹṣì. Gbogbo àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹkún lójú, tó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ wọn, tó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn, tó dá ilẹ̀kùn kan ṣoṣo padà fún wọn. Ọ̀fọ̀ wọn kò kéré sí tirẹ̀. Ìfẹ́ wọn kò kéré. Ṣé tó bá wá di ti ilé tirẹ̀, kí gègé rọ̀?

Ó ya bébà kejì. Ó da àkọ́kọ́ kọ, ó sì fi uṣu sísun kún un, torí kò tí ì fi sí i.

Lọ́jọ́ ìṣílé, òun fúnra rẹ̀ ló kà á. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ó kà nípa abà, nípa ọmọ tó gba abẹ́ apá òun wọlé, nípa uṣu tó kan ọmọ titun lẹ́nu. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó dé ibi orí tí àbúrò rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí etí lè bá ọwọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́, ẹnì kan kígbe pé, "Ọlọ́runtọ́ba! Ọgbọ́n inú!" Ó kà nípa ìwé ọ̀kan àti ewì èkejì, kò fi ọ̀kan borí ọ̀kan. Rùkáyátù ń sunkún. Akíndélé jókòó ní ìlà iwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó dúró títí ètò fi parí, ó ya fọ́tò tí wọ́n ní kó yà. Kò kí Màmá kó tó wọ mọ́tò.

Gbọ̀ngàn Hàkíìmù àti Ọlọ́runtọ́ba ni ibẹ̀ ń jẹ́ báyìí. Àwọn ọmọ ń kàwé níbẹ̀ tí ilé-ìwé bá jáde. Akíndélé kò wá lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́. Mọ́tò èrò ni Màmá ń wọ̀ lọ rí dókítà. Nígbà tí ìyá ìyàwó Akíndélé kú, ìlú Emùré ló ti lọ wá ẹni tó kọ ìtàn rẹ̀.