Ibi Tí Bàbá Ìyàwó Mi Fi Ọba Wọn Pamọ́ Sí

Áńkáṣífì funfun ni bàbá ìyàwó mi máa ń dà bo fóònù wọn tí a bá jọ ń ta géèmù kan lórí ayélujára. Kálukú á fi ọba rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ọba ẹnì kejì ló jẹ.

"Má yọjú wo tèmi, n ò ní yọjú wo tìẹ." Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn nílé wọn ní Igbein, nígbà tí mo ṣì ń fẹ́ ọmọ wọn sọ́nà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n dìde lọ mu omi, wọ́n fi fóònù sílẹ̀ láìbò ó. Mo rí ọba wọn ní igun òsì. Tí mo bá mú un, olè ni mí. Tí mo bá yẹra fún un, irọ́ ni mò ń pa. Mo ní iná ti tán nínú fóònù mi, mo sá lọ sílé.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí: "Ìwọ ló kàn o."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo lọ dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí i."

Wọ́n rọra ká áńkáṣífì wọn. "Ẹni tó wá tọrọ ọmọ mi ṣáájú rẹ náà rí i. Lójú ẹsẹ̀ ló mú un." Wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀."