Mo Da Búláńkẹ́ẹ̀tì Bo Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín o, èmi náà ti rẹ́rìn-ín tán!

Nígbà tí Pijó 504 ṣì jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́lá ni. Mo ń kun mọ́tò ní Laranto. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Iléṣà ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Tina Junction. Lọ́jọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre fún mi, wọ́n sì fún mi ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tiwọn gan-an, ẹ̀rọ tó ń fún atẹ́gùn sínú táǹkì tí a fi ń fọ́n pẹ́ńtì sára mọ́tò. Àwọn ẹgbẹ́ mi mìíràn ńkọ́? Sáńpépà àti àdúrà ni ọ̀gá tiwọn fún wọn!

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ọdún mẹ́ta. Tí mo bá tan án nígbà yẹn, kí n tó mu ife tíì kan tán, táǹkì ti kún. Nígbà tó yá, mo lè mu tíì, kí n jẹ kosai, àkàrà àwọn Hausa, lé e, kí n tún kí gbogbo ará àdúgbò, gééjì á ṣì wà ní ìdajì. Ó ń gbóná, ó ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ ká gbọ́rọ̀ ara wa mọ́.

Kí ni mo sọ? Mo ní òtútù ni! Àwa ará Jọ́ọ̀sì kúkú mọ̀ ọ́n sọ. Orúnkún ń dùn wá, òtútù ni. Mọ́tò kọ̀, kò jí, òtútù náà ni. Ni mo bá mú búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò nílé, mo ń dà á bo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ní òun ò mọ̀ pé òun lórogún.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ń bọ̀. Ọ̀gá kọ́ mi pé tí iṣẹ́ bá ti parí, kí n máa ṣí ẹnu kékeré tó wà lábẹ́ táǹkì, kí omi tó gbára jọ síbẹ̀ lè dà nù. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí i, atẹ́gùn náà á lọ! Atẹ́gùn tí mo fi gbogbo ọ̀sán wá? Mo tì í pa, mo ń tọ́jú atẹ́gùn di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ gbọ́ ahun!

Ibẹ̀ la wà tí oníbàárà mi kan, Bàbá Akọ̀wé, fi gbé Pijó wọn wá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwéè. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé, Pijó yẹn ló máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n kùn ún ní funfun báláú. Gbogbo ìjọ ló máa wò ó! Tí mo bá bà á jẹ́, ta ni yóò tún gbé mọ́tò wá fún mi?

Lọ́jọ́rú, mo fọ́n pẹ́ńtì sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yéè! Ó yọ ojú ihò wínníwínní káàkiri. Omi àti ọ́ìlì ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń tu mọ́ atẹ́gùn. Mo fi sáńpépà ha á kúrò, mo tún un kùn. Bákan náà! N ò ní purọ́ fún yín, omijé bọ́ lójú mi.

Mo pe Dauda, wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó ti bá mi lẹ abẹ́ táǹkì náà lẹ́ẹ̀mejì rí. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní haba, wallahi, òun ò ní fi iná kàn án mọ́, irin ti di bébà, ọjọ́ kan ló máa bú gbàmù. Inú bí mi sí i. Mo ní ohun tí ọ̀gá mi fi súre fún mi nìyẹn. Ẹni tó bá jù ú nù, ṣé kò tíì ju ìre náà nù?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo forí lé Tina Junction. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ẹ̀rọ yín fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀gá tẹ̀ lé mi wá. Wọ́n ní kí n tan án, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n ní kí n pa á kíákíá, kí n jẹ́ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde tán. Wọ́n wá fi òòlù kan abẹ́ táǹkì pẹ́rẹ́. Òòlù wọlé! Omi pupa dà ṣọ̀ọ̀ sílẹ̀. Orí táǹkì yẹn ni mo máa ń jókòó sí jẹun ọ̀sán!

Wọ́n bi mí pé omi tí wọ́n ní kí n máa dà nù ńkọ́. Mo ṣàlàyé atẹ́gùn tí mò ń tọ́jú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín pa Dauda náà, ó di ògiri mú.

Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀gá le. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo fún ẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò ní kó o fi parí. Ìre tí mo sú fún ẹ ò sí nínú táǹkì.”

Wọ́n ní tí bẹ́líìtì bá já, kí n pààrọ̀ rẹ̀. Tí ó bá ń mu ọ́ìlì, kí n wo rìǹgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì tí ìpata bá ti jẹ láti inú, a kì í lẹ̀ ẹ́, a máa ń sá fún un ni. Wọ́n yá mi ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń lò báyìí. Mo bẹ Dauda, òun náà ló bá mi fi ọmọlanke gbé e wá, mo sì fi í tún Pijó náà kùn.

Ní Sátidé, Pijó ń dán débi pé Bàbá Akọ̀wé fi ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe dígí, wọ́n ń tún fìlà ṣe. Ọ̀gá mi dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń na ìka sí mi, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń wọlé pé, “Ọmọ mi ló kùn ún o!” Mo dorí kodò, omijé tún dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ̀rọ bá ti ń pẹ́ kó tó kún, tó ń gbóná, tó ń tu omi àti ọ́ìlì, ó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Ẹ má dá òtútù lẹ́bi! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Èwo nínú ẹ̀rọ yín lẹ mọ̀ pé ó ti gbó, tí ẹ ṣì ń tún ṣe nítorí ẹni tó fún yín? Ẹ sọ tiyín fún wa, ẹ má tijú. Ó sàn kí a fi yín rẹ́rìn-ín ju kí a wá bá yín kẹ́dùn lọ.