Ọwọ́ Òsì Mi Tó Ń Tijú

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Rájí ní Okokomaiko láti kọ́ idán, bọ́ọ̀lù kékeré kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n máa há a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí n sì máa fi ọwọ́ náà ṣe gbogbo iṣẹ́ mi. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wa nìyẹn: nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ, síbẹ̀ ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ dà bí òfìfo. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Iyana-Iba, oníbàárà kan rò pé ọwọ́ mi ti rọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń pidán. Ọjà Alaba ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, níbi tí Ìgbò, Ègùn àti Yorùbá ti jọ ń wòran. Wọ́n ní èdè wo lèèyàn fẹ́ sọ níbẹ̀ tó máa yé gbogbo wọn?

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ti mọ̀ ọ́n há, àmọ́ kò sígbà tí Bàbá kì í mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ó sú mi, mo béèrè ohun tí mò ń ṣì ṣe.

“Ọwọ́ òsì rẹ ń tijú,” ni wọ́n wí. “O ń fi í pa mọ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ojú ń lọ.”

Òótọ́ ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Màámi fi àkísà so ó mọ́ mi lára títí ọ̀tún fi gba iṣẹ́ ṣe. Bàbá wá ní kí n tú u sílẹ̀, kí n máa fi kọ̀wé, kí n máa fi jẹun. Ọjọ́ kẹta ni Màámi ká mi mọ́ ìdí ẹ̀bà.

“A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìwọ wá ń fi jẹun nílé mi?”

Mo ṣàlàyé pé iṣẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sí ju ẹ káàárọ̀, ẹ kú alẹ́ lọ láàárín wa. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn nìkan ni mo ní. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí, mi ò sì fẹ́ pàdánù ìyá mi sí i.

Ilé ìwé kan ní Iba ni mo ti kọ́kọ́ dá pidán. Èyí tó kẹ́yìn ló le jù. Màá fọwọ́ òsì na bọ́ọ̀lù sí àgbàlagbà kan. Nílẹ̀ Yorùbá, gbogbo ojú á sáré síbẹ̀ láti wo aláìlẹ́kọ̀ọ́, ọ̀tún á sì ráyè fa aṣọ funfun gbọọrọ kan yọ nínú kóòtù. Kí Bàbá dárí jì mí tí mo tú àṣírí yìí.

Olùkọ́ kan la ti bá sọ ọ́ pé òun ni màá nà án sí. Àmọ́ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, mo rí Màámi ní ìjókòó iwájú. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa wá. Ẹsẹ̀ mi yà sọ́dọ̀ wọn, mo na òsì. Wọ́n wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà wọ́n na òsì tiwọn, wọ́n gba bọ́ọ̀lù, wọ́n rọra sọ fún mi pé:

“Wọ́n so tèmi náà.”

Iṣẹ́ mi ò gbà mí láyè àtisọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn èèyàn rò pé ara idán ni, wọ́n pàtẹ́wọ́, aṣọ funfun sì wà nínú kóòtù mi títí mo fi délé.