Ìró Màámi Tó Ń Rùn Bí Ẹja

Ológbò mẹ́ta tò tẹ̀lé ìyá àgbà ní ojúlé rẹ̀ ní Amukòkò, wọ́n ń ké bí ẹni wá gba ẹ̀tọ́. Ó ń fi ọwọ̀ lé wọn, wọn ò lọ. Àbúrò mi wà láyà rẹ̀, ó ń fa mílíìkì nínú fídà, ó ń wò wọ́n bí ọ̀gá.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹkún ló kún ibẹ̀. Ẹja òkú Èkó ni màámi ń kó sínú páálí níbi iṣẹ́ wọn ní Ìjọra. Nígbà tó bímọ, wọ́n fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní bí kò bá wọlé ní ọ̀sẹ̀ keje, àwọn á gba ẹlòmíràn. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò tíì dúró! Àfi bí ẹni pé ọmọ náà mọ kàlẹ́ńdà. Màámi gbé e fún ìyá àgbà, opó tó ń bá àwọn abiyamọ àdúgbò tọ́jú ọmọ. Èmi náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibẹ̀ ni mò ń dé sí láti ilé-ìwé. Àdí àti ìtọ̀ ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ kí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò mi kọ mílíìkì. Wọ́n fi síbí rọ ọ́, ó tu ú lé wọn lára. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Màámi ní òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun.

Ìyá àgbà wo ìró tuntun tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n wá, tó ń ta sánsán fún páúdà. "Ṣé èyí lo fi ń pọ̀n ọ́n nílé?"

"Rárá, mà. Ìró àtijọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni. Ojú ló ń tì mí láti gbé e wọ ilé yín. Ẹja ló ń rùn."

"Lójú ọmọ yìí, ẹja nìyá. Gbé e wá, má sì fọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà ró o mọ́ àyà. Àbúrò mi fi imú tú u káàkiri, ó mí kanlẹ̀, ó gba fídà, ó fa á gbẹ. Ó gùnfẹ̀ bí baba onílé.

Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe níwájú ilé fi ọwọ́ dí imú. "Mama, you don dey sell fish?"

"Ọmọ ni mò ń tọ́. Tún rédíò ẹ ṣe kó sọ̀rọ̀."

Títí ọmọ fi jókòó ni ìyá àgbà fi ró ìró náà. Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ màámi.

Ìyá àgbà ti lọ. Àbúrò mi ti di géńdé, ó ń wa tírélà ní Àpápá. Gbogbo ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ mi mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dun àbúrò mi, á wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní sọ ohun tó ṣe é. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń panu mọ́ nìyẹn. Mo kàn ń sún mọ́ ọn ni, títí á fi mí kanlẹ̀ bíi ti ọjọ́ ìró yẹn, á dìde, á ní, "Àǹtí, mo ń lọ."

Mi ò ní bi í ní nǹkan kan.