Ẹran Tó Rọ̀ fún Ìyá Ọkọ Mi

Àlùbọ́sà ni mo ń gé nílé wa ní Yábàá nígbà tí ọkọ mi pè láti Múṣín pé ìyá òun ti kú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Eyín Màmá ti ká tán. Tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ wa láti Múṣín, tí mo sì bu ẹran fún wọn, wọ́n á tì í sínú abọ́ ọmọ mi. "Jẹ ẹ́, ọkọ mi, mo ti yó." Ó máa ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìkòkò oníná tó máa ń rọra se nǹkan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, Màmá ò yé ṣí ìdérí rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ìkòkò tí kì í hó! Ṣé kì í ṣe pé ó ti sùn?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, kò ní tètè jinná."

"Ó dáa, mi ò ṣí i mọ́."

Kí n tó fọ abọ́ kan, wọ́n ti tún ṣí i.

Nígbà tó jinná, ṣíbí lásán ló ń gé ẹran náà. Màmá jẹ ẹyọ kan, wọ́n dijú. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ìyókù sọ́dọ̀ ọmọ mi.

"Màámi, ó mà rọ̀!"

"Mo mọ̀. O ò rí bí ọmọ yìí ṣe ń wò mí ni?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ mi bi mí bóyá torí ẹran tí Màmá ń fún òun ni wọ́n ṣe kú.

Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo ní, "Rárá o. Kò sí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu wọn tó kí wọ́n máa wò ọ́ bó o ṣe ń jẹun."